Oṣù Mọ́kànlá Tó Wà Lára Páálí

Nígbà tí àrùn ọyẹ́ tó ń pa adìẹ wọ àdúgbò Limawa ní Minna lọ́dún náà, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Láàárín ọjọ́ márùn-ún péré, gbogbo adìẹ òpìpì tó wà lágboolé Margaret Ọlánípẹ̀kun kú tán, àkùkọ náà bá wọn lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ẹyin mẹ́rìnlá tó ti kó sínú agbọ̀n ṣáájú kí àìsàn tó dé.

Òpìpì ni adìẹ tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kì í kún, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó gbàgbé aṣọ rẹ̀ sílé. Ẹlòmíràn kò ní bá wọn ṣọ̀fọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá Margaret ló gbé abo mẹ́ta àti akọ kan wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún tí bàbá wọn gba iṣẹ́ rélùwéè ní Minna. Ó gbé wọn sínú agbọ̀n, ó wọ lọ́rì dé Ọ̀fà, ó wá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà, ó sì gbé agbọ̀n náà lé itan títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ti lọ, Ìyá ti lọ, ọmọ wọn mélòó kan ti lọ sí Kaduna àti Àbújá, òpìpì nìkan ni kò kúrò lágboolé láti ọjọ́ náà. Bí ẹyin mẹ́rìnlá yìí kò bá pa, ìran wọn ti parẹ́ nìyẹn, Margaret sì mọ̀ pé ojú òun ni yóò ṣe.

Kò sí adìẹ tó ń sàba tí èèyàn lè yá ní gbogbo àdúgbò, nítorí àrùn náà ti gba ilé gbogbo. Ọlọ́run ṣe é, ó ní ẹ̀rọ ìsàba. Mubashir Àbdùlgàfárù, ọ̀dọ́mọkùnrin oníṣẹ́ iná kan, ló kàn án fún un ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Maitumbi. Àpótí pákó ni, ó ní gíláàsì lójú, gílóòbù mẹ́rin ń mú un móoru, bátìrì sólà ń gbé e bí iná ìjọba bá lọ, bẹ́ẹ̀ iná ìjọba kì í sì í pẹ́ lọ. Ohun kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kọntíróólà. Bí ooru bá lọ sílẹ̀, á tan gílóòbù. Bí ó bá fẹ́ pọ̀ jù, á pa á. Bí òun bá ti kú, àpótí lásán ló kù.

Mubashir mọ iṣẹ́, ó sì fẹ́ràn ìwé. Gbogbo kọntíróólà tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ló ń kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti ọjọ́ tó kú. Nígbà tí wọ́n kú pé ogún, ó ro oṣù gbogbo wọn pọ̀, ó pín in sọ́nà ogún, ó bá oṣù mọ́kànlá àti díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé láti ọjọ́ náà ló ti ń fi bírò dúdú kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí wọn: OṢÙ MỌ́KÀNLÁ. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀. Nọ́ńbà a máa fi èèyàn lọ́kàn balẹ̀, àní nígbà tí kò bá tilẹ̀ sọ nǹkan kan.

Ẹni tí nọ́ńbà náà wọ̀ létí jù ni Adéagbo, ẹ̀gbọ́n Margaret, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó ń gbé ní Chanchaga. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àtúnṣe rélùwéè, iṣẹ́ náà kò sì tíì jáde lára rẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, wọn kì í dúró kí nǹkan bàjẹ́. Bí ọjọ́ tí ìwé dá fún un bá ti pé, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Èyí tí wọ́n yọ, òòlù ni wọ́n fi ń fọ́ ọ, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i padà sára ọkọ̀. Òòlù tó fi ṣe iṣẹ́ náà bá a wálé nígbà tó fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ Ajé tí Margaret fẹ́ kó ẹyin sínú ẹ̀rọ, Adéagbo wọ kẹ̀kẹ́ wá láti Chanchaga. Ó ti yà ní Maitumbi, páálí tuntun wà lábíyá rẹ̀.

"Margaret," ó ní, "oṣù mélòó ni kọntíróólà rẹ yẹn ti ń ṣiṣẹ́?"

"Oṣù mẹ́wàá, Bọ̀ọ̀dá mi. Kò tíì dà mí láàmú rí."

"Páálí ní mọ́kànlá. Ṣé abẹ́ ohun tó ku oṣù kan kó kú lo fẹ́ kó ẹyin Ìyá sí?"

Ọkàn Margaret kò gba ọ̀rọ̀ náà tán. Ohun tí kò tíì ṣe é ní ibi rí, kí ló dé tí yóò fi lé e jáde? Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ti fi owó ara rẹ̀ ra tuntun. Ó ní, "Ó dáa, sà."

Adéagbo yọ ti àtijọ́, ó de tuntun mọ́ ọn, wọ́n tan án wò. Gílóòbù tàn, wọ́n kú, wọ́n tún tàn, bó ṣe yẹ gẹ́lẹ́. Ó ju ti àtijọ́ sápò bí ẹni pé bébà lásán ni.

"Ibo lẹ ń gbé ìyẹn lọ?"

"Màá lọ fọ́ ọ. Ohun tí a bá ti yọ, a ti yọ ọ́."

Margaret kó ẹyin mẹ́rìnlá sínú ẹ̀rọ, ó kọ ọjọ́ sára ògiri, ó gbàdúrà kúkúrú. Ó sun oorun àsùnwọra lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀ ni ó dé bá ẹ̀rọ náà tó dákẹ́. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ náà, orúlé gbogbo rí funfun. Kò sí gílóòbù kan tó tàn. Ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì, ó tutù. Ooru tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n mẹ́tàdínlógójì àti ààbọ̀ ti bọ́ sí mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bátìrì kún, wáyà kò já. Kọntíróólà tuntun náà ló kú ní ọjọ́ kẹrin tó dáyé.

Inú bí i, ẹ̀rù sì bà á, ẹ̀rù náà ló pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n kò dúró wò. Ó gbé omi kaná, ó rọ ọ́ sínú ìgò mẹ́rin, ó to ìgò sínú agbọ̀n yíká ẹyin náà, ó sì fi ìró méjì bò wọ́n. Ó wá gbé fóònù. Ó pe Mubashir, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé tuntun náà ti kú. Adéagbo ní, "Mo ń bọ̀," ó pa fóònù.

Mubashir ló kọ́kọ́ dé lórí ọ̀kadà rẹ̀, ìwé lábíyá, páálí tuntun mìíràn lọ́wọ́.

"Sannu, Mama. Ẹ pẹ̀lẹ́. Wallahi, orí èyí ló kàn burú. Òmíràn rèé, ẹ má ṣèyọnu, mi ò ní gbowó. Oṣù mọ́kànlá ni wọ́n máa ń lò."

"Mubashir, èyí tó kú yìí, àlòkù ni?"

"Rárá o, Mama. Tuntun ni."

"Kí ló wá mú un dá ọ lójú pé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò ní tẹ̀lé e?"

Mubashir na ìka sí ìwé abíyá rẹ̀. "Mo ṣírò ìpíndọ́gba wọn ni, Mama. Ìṣirò náà pé."

"Mi ò sọ pé o kò mọ ìṣirò. Gbé ìwé yẹn wá, kí o jókòó."

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Margaret fi kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹta ní ìṣirò, ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti hóró àgbàdo ló sì fi ń kọ́ wọn. Kò gbà gbọ́ pé èèyàn lè mọ iye ohun tí kò tíì rí ní ilẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ kan sórí tábìlì, ó pín in sí oṣù kìíní títí dé oṣù kẹrìnlélógún. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo.

"Pè wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí kálukú kú."

"Èyí àkọ́kọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Ó fi hóró kan sí oṣù kìíní.

"Èyí tó tẹ̀lé e, oṣù méjìdínlógún. Òmíràn, ọ̀sẹ̀ méjì. Oṣù mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ mẹ́rin."

Bí Mubashir ṣe ń pè é ni Margaret ń tò ó. Nígbà tí ogún pé, Mubashir na ọrùn wò ó. Hóró mẹ́jọ jókòó jọ nínú oṣù kìíní. Méjìlá yòókù tò láti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún dé oṣù kọkànlélógún. Láàárín méjèèjì, ṣọ́ọ̀kì funfun nìkan ló wà níbẹ̀.

"Fi èyí tó kú ní oṣù kọkànlá hàn mí."

Mubashir wá a, ó sì tún un wá nínú ìwé. "Kò sí, Mama."

"Ní oṣù kẹwàá ńkọ́? Oṣù kejìlá?"

"Kò sí."

"O rí i? Bí mo bá kó ẹyin adìẹ àti ẹyin ẹtù tí ẹ ń pè ní zabi sínú ẹ̀rọ kan náà lọ́jọ́ kan náà, ìgbà wo ni wọ́n máa pa?"

"Adìẹ, ọjọ́ mọ́kànlélógún. Zabi, méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Pín in dọ́gba fún mi."

"Mẹ́rìnlélógún àti ààbọ̀."

"Bí mo bá wá gbé àpótí ìjókòó síwájú ẹ̀rọ lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, tí mo ń retí ọmọ, kí ni n óò rí?"

Mubashir rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ìsàlẹ̀ ikùn. "Òròmọdìẹ á ti máa sá kiri. Zabi á ṣì wà nínú èèpo."

"Ọjọ́ tí ìṣirò rẹ dárúkọ gan-an ni nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀. Ìka kò dọ́gba, ọmọ mi, o sì ti gé wọn dọ́gba lórí páálí." Ó tún wo ìwé náà. "Àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn èèyàn ńkọ́? Mi ò rí wọn níbí."

"Haba, Mama, wọn ò tíì kú. Kí ni mo fẹ́ kọ?"

"Ìyẹn ni pé àwọn tó dára jù lo kò kà."

Ìka Margaret ti dúró lórí oṣù kẹwàá, láàárín ibi funfun yẹn. Ibẹ̀ ni kọntíróólà rẹ̀ àtijọ́ wà lọ́jọ́ Ajé. Ó ti la ewu èwe kọjá, kò sì tíì súnmọ́ ewu ogbó. Nínú gbogbo ìlà yẹn, kò sí ibi tó fi ọkàn balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn mú un kúrò, tí wọ́n sì gbé ọmọ ọjọ́ kan sípò rẹ̀ kó wá ṣọ́ ẹyin Ìyá. Ó dùn ún dọ́kàn.

"Gbé tuntun rẹ sápò," ó ní. "Èyí àtijọ́ ni mo fẹ́."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ó rántí òòlù.

Kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Adéagbo sọ̀ kalẹ̀, ó ń rìn bí ẹni tí bàtà ń fún. Orí òòlù yọ jáde lápò bùbá rẹ̀. Margaret rí i.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ti fọ́ ọ?"

Adéagbo jókòó, ó wo agbọ̀n tí ìró bò, ó wo tábìlì. Ó béèrè ohun tí àgbàdo ń ṣe níbẹ̀, Mubashir sì ṣàlàyé fún un ní ohùn jẹ́jẹ́, láti orí hóró mẹ́jọ dé orí méjìlá. Àgbàlagbà náà tẹ́tí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, ó mi orí fún ìgbà pípẹ́.

"Mo gbé e ka orí òkúta lẹ́yìnkùlé lálẹ́ ọjọ́ Ajé," ó ní. "Mo gbé òòlù sókè. Mo wá wò ó, kò ní àléébù kankan. Mo rántí iye nǹkan tí mo ti fọ́ báyìí, tí ojú wọn mọ́ kedere, nítorí pé ìwé ní kí n fọ́ wọn. Àwọn kan yẹ ní yíyọ lóòótọ́, bíréèkì tó ti gbó tán, béárìn tó ti ń ké. Irú ìyẹn, ogbó ló ń pa á, ó sì ní ọjọ́. Àwọn kan kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀, Margaret."

Ó fa áńkáṣífù kan yọ lápò kejì, ó tú u. Kọntíróólà àtijọ́ náà wà nínú rẹ̀, odindi.

Margaret jókòó, ó kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná. "Òòlù wá ń ṣe kí ni lápò yín?"

"Ojú ló ń tì mí. Mo ní bóyá wàá fẹ́ fi fọ́ orí mi."

Mubashir ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Margaret náà kò lè pa á mọ́ra. Kí omi ìgò tó tutù, Adéagbo ti de kọntíróólà àtijọ́ padà. Gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn. Wọ́n dúró tì í títí ooru fi gòkè dé ibi tó yẹ, Margaret sì kó ẹyin padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá òtútù ti ṣe wọ́n ní jàǹbá. Adéagbo fi òòlù sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní òun kò fẹ́ rí i nílé òun mọ́.

Lọ́jọ́ keje, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹyin náà. Mẹ́ta mọ́ gaara, kò sí nǹkan nínú wọn. Nínú mọ́kànlá yòókù, iṣan pupa tíntìntín ti ta ká. Margaret wò wọ́n títí omi fi lé sí i lójú, ayọ̀ sì ni.

Adéagbo bẹ̀rẹ̀ sí í wá lójoojúmọ́. Á jókòó síwájú gíláàsì, á máa wo gílóòbù. Margaret mọ̀ pé ìtìjú náà kò tíì tán. Lọ́jọ́ kan ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun àti ẹ̀pà síwájú rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo gbọ́ lórí rédíò pé ìpíndọ́gba ọdún tí ọkùnrin ń lò láyé lórílẹ̀-èdè yìí lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Ẹ̀yin ti lo mọ́kànléláàádọ́rin. Ṣé ká yọ yín ni?"

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́nà ọ̀fun. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kún Chanchaga. Báwo ni iye náà ṣe kéré bẹ́ẹ̀?"

"Ọmọ mẹ́fà ni Ìyá bí," Margaret ní. "Àwọn méjì tó tẹ̀lé yín kò pé oṣù kan. Àwa mẹ́rin yòókù, ta ló kú léwe nínú wa? Nígbà tí mo rí hóró mẹ́jọ yẹn nínú oṣù kìíní, àwọn méjì yẹn ni mo rántí. Ẹni tó bá ro wá pọ̀ yóò fi kékeré wọn dín ọjọ́ tiwa kù, yóò sì fi ogbó wa bo ikú tiwọn mọ́lẹ̀. Kò sì ní sọ òtítọ́ nípa ẹnikẹ́ni nínú wa."

Adéagbo gbé ọwọ́ lé ejìká àbúrò rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ àwọn ọmọ méjì yẹn nínú ilé náà. Àwọn méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀, gílóòbù ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn.

Ọjọ́ kọkànlélógún pé, kò sí ẹyin tó mira. Títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí nǹkan kan. Adéagbo dìde, ó rìn yíká ẹ̀rọ, ó na ọwọ́ sí ìdérí.

"Ọjọ́ ti pé, Margaret. Ṣé kí n ṣí i wò?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún yọ nǹkan kan. Òtútù dá wọn dúró lọ́nà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n Margaret tó sọ̀rọ̀ tìgboyà yẹn, ọkàn rẹ̀ ń já ní tirẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, kí ó tó fi omi bọ́jú, ó gbọ́ ohùn kan tó ń ké ṣín-ín-ṣín-ín nínú àpótí. Ó kúnlẹ̀ síwájú gíláàsì. Ẹyin kan ti lu, ẹnu ṣóńṣó kan yọ jáde nínú rẹ̀. Títí oòrùn fi kan àtàrí, mẹ́sàn-án ti jáde nínú mọ́kànlá, wọ́n tutù, wọ́n rí jákujàku, Margaret sì rò pé òun kò tíì rí ohun tó lẹ́wà tó wọn rí. Adéagbo jókòó tì wọ́n, ó ń kéde wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀gá sítéṣọ̀n tó ń gba ọkọ̀ wọlé.

Mubashir wá wò wọ́n lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun ti pa oṣù mọ́kànlá rẹ́ lára gbogbo páálí. Báyìí, bí kọntíróólà tuntun bá dé, òun á tan án sórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù fún odindi oṣù kan kí ẹnikẹ́ni tó rà á. Èyí tó bá fẹ́ kú léwe, kó kú sọ́wọ́ òun. Àwọn tó wà láàyè náà ti ní ojú ìwé tiwọn, orúkọ Mama ló sì wà lókè.

"Mo tún fẹ́ gba àwọn hóró ogún yẹn," ó ní. "Mo fẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ pátákó, kí àwọn oníbàárà lè máa rí i."

Àgbàdo náà ṣì wà nínú abọ́ kékeré lójú fèrèsé. Margaret wò ó, ó wo àwọn òròmọdìẹ tó ń ṣa ilẹ̀ lásán kiri.

"Wá àgbàdo mìíràn, Mubashir," ó ní. "Ebi ń pa àwọn ọmọ Ìyá."

Hóró náà tóbi jù fún ẹnu wọn. Adéagbo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú òòlù rẹ̀ wá. Ó da àgbàdo sórí òkúta, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Ó gbé òòlù sókè díẹ̀, ó rọra sọ ọ́ kalẹ̀ lórí hóró àkọ́kọ́, àwọn òròmọdìẹ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sì sáré wá sí ìdí rẹ̀.